Òkúta Fálúyì Wà Lára Ògiri

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé e mì.

Ní Ìtapàjí wa, lẹ́bàá odi àtijọ́, ilé amọ̀ kékeré kan wà tí à ń pè ní ulé ùṣọ́, ìyẹn ilé ìṣọ́. Ògiri rẹ̀ nípọn, ihò tóóró mẹ́rin sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń yọ ẹnu ìbọn sí nígbà ogun Tápà. Bàbá bàbá mi ló ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá ń jáde lọ sóko, wọ́n á fi òkúta kan sínú igbá tó wà nínú ilé náà fún un. Bó bá dé, wọ́n á yọ ọ́. Ẹni tó bá kú síta tí a kò rí òkú rẹ̀, òkúta yẹn ni wọ́n á sin.

Ogun Tápà ti tán tipẹ́, àbí? Síbẹ̀, nígbà tí àbúrò mi, Fálúyì, wọṣẹ́ sójà tó sì lọ bá àwọn òyìnbó jagun ní Bọ́mà lókè òkun, àràárọ̀ ni bàbá wa ń lọ jókòó sínú ulé ùṣọ́. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Baba Oníbodè, Tápà ń bọ̀ o!" Bàbá á ní àwọn ọ̀dọ́ náà gan-an ni Tápà yóò kọ́kọ́ kó lẹ́rú.

Tíṣà ni mí. Nígbà tí a fẹ́ kọ́ kíláàsì tuntun, àwọn aláṣẹ ilé ìwé ní amọ̀ ògiri àtijọ́ kì í sán, wọ́n sì rán mi sí bàbá mi pé kó jẹ́ kí a wó ulé ùṣọ́ lò. Ó gbà láìjanpata. Ó kàn ní kí n kọ́kọ́ gbé igbá inú rẹ̀ wá fún òun.

Mo gbé e. Ṣùgbọ́n ó kún fún erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ alángbá, mo sì kórìíra ìdọ̀tí. Mo da ohun inú rẹ̀ sórí òkìtì amọ̀ tí a ti ń wó jọ, mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ kẹta ni bàbá mi ti oko dé, tó wo inú igbá.

"Òkúta àbúrò rẹ dà?"

N kò mọ̀ pé ó fi òkúta sílẹ̀ fún un! Mo sáré lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti fẹsẹ̀ po amọ̀ náà tán, wọ́n ti fi mọ ògiri.

Bàbá mi kò bá mi wí. Ó ní kò burú, Fálúyì á dé.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà dé. Èmi ni mo kà á fún un. Inú ilé ìṣọ́ kékeré kan tí wọ́n fi gẹdú àti erùpẹ̀ kọ́ ni Fálúyì kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí.

Bàbá mi dìde, ó mú igbá, ó sì wá sí ilé ìwé. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri kíláàsì mi lára, láti igun dé igun.

"Ọmọ mi, ògiri wo ni?"

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, mo kàn ń tẹ̀ lé e láti ògiri dé ògiri.

Bàbá mi náà ti kú báyìí. Kí àwọn ọmọ tó dé láràárọ̀, mo máa ń fọwọ́ kan ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó da ohun tí àgbàlagbà tọ́jú nù, ẹ bi í léèrè. Ǹjẹ́ ẹnìkan wà nínú yín tó ti ṣe irú rẹ̀? Ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ń gbé e.