Ọwọ́ Àwáwù Lára Aṣọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Àwáwù ahunṣọ, kó má wulẹ̀ dààmú ara ẹ̀ lórí pé ó ń wo ojú ẹ̀, aṣọ òfì tó hun ni kó gbé wò. Ní Ìsẹ́yìn, àwọn tó ń hunṣọ kì í béèrè pé ta ló ni iṣẹ́. Wọ́n á fọwọ́ ra etí aṣọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní, "Ọwọ́ lágbájá nìyí," bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí. Ti Àwáwù tún wá yàtọ̀ gedegbe. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó já bọ́ láti orí igi kajú ní Ago-Amodu, níbi tí wọ́n bí i sí. Ìka méjì ká kò lọ́wọ́ òsì ẹ̀, wọn ò sì nà mọ́. Bó bá ń hunṣọ, ọwọ́ yẹn máa ń fa òwú jù, etí aṣọ lápá òsì á sì sún wọlé díẹ̀. Mọ́nsúrù ọkọ ẹ̀, tó kọ́ ọ níṣẹ́, bá a wí títí ó fi sú u, ó wá sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́: "Bí olè bá jí aṣọ tìẹ gbé dé Kánò, màá dá a mọ̀." Àwọn méjèèjì á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ẹ̀rín yẹn ti dópin fún yín.

Samsudeen, àkọ́bí wọn, kú lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ibà ló di gìrì, kí wọ́n sì tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mọ́nsúrù ò sí nílé lọ́jọ́ náà, ó lọ wa iṣu lóko bàbá ẹ̀ ní Okaka. Nígbà tó dé, Àwáwù sọ fún un pé òjijì ni, pé ọmọ ń ṣeré lọ́wọ́ ni ibà gbé e ṣánlẹ̀. Mọ́nsúrù gbà á gbọ́. Òun gan-an ló tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, tó ń sọ pé, "Kádàrá ni, Àwáwù. Kò sí ohun tí ìwọ ì bá ṣe." Gbogbo ìgbà tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ń ṣe obìnrin náà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Kò tó ogójì ọjọ́ tí àdúgbò fi yí orúkọ mọ́ ọn lórí. Ìyá Samsu di Ìyá Sodiqat, ìyẹn ọmọbìnrin kékeré tó kù. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ ó dun Àwáwù wọ egungun. Kò rí oorun sùn, oúnjẹ ò lọ, kò sì lè jókòó sídìí òfì.

Ibẹ̀ ni Mujeebat ti wọnú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ agbo ilé kan náà ni, ahunṣọ ni ìyá tó bí i, Àwáwù ló sì ń dirun fún un ní gbogbo ìgbà tó fi wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti lọ sí yunifásítì báyìí, ó sì ń bá Dókítà Ọlágòkè ṣiṣẹ́, ọ̀mọ̀wé kan tó ń ṣèwádìí lórí bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn tó gbọgbẹ́. Ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀ kò ta kókó: àwọn ìyá tí ọmọ kú fún, èwo ló tètè ń mú ara wọn yá, kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ nìkan ni, àbí kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì máa fọwọ́ ṣiṣẹ́ tó ń sọ ohun tó wà nínú wọn? Obìnrin márùndínláàádọ́ta ló pé jọ, kálukú mú ìwé tí wọ́n ká bí ẹni ṣẹ́ kèké, wọ́n sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan á máa sọ̀rọ̀. Apá kan á máa sọ̀rọ̀, á tún máa hunṣọ. Apá kẹta, ẹ gbọ́ ná, wọ́n ní kí àwọn yẹn ṣì máa retí, kí wọ́n lè fi wọ́n wé àwọn yòókù. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Fàtímọ̀ ní, "Họ́wù! Ìbànújẹ́ náà tún ti di ohun tí wọ́n ń tò sí ìlà dè?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, Àwáwù náà rín díẹ̀.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Mujeebat bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá. Oorun ńkọ́? Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń dá ara yín lẹ́bi? Ẹni tí kò bá sí nǹkan tó ń ṣe é á ní òdo, ẹni tọ́rọ̀ ẹ̀ bá le jù á ní mẹ́ta. Mẹ́ta, mẹ́ta ni Àwáwù ń dáhùn. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni pé, "Ta lẹ lè finú hàn bí ọkàn yín bá wúwo?" Àwáwù ò lè dárúkọ ọkọ ẹ̀. Ó ní, "Kọ Mujeebat." Mujeebat rẹ́rìn-ín, ó kọ orúkọ ara ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Àwáwù tẹ̀ka sínú ìwé kan, pé wọ́n lè fi iṣẹ́ òun han aráyé, àmọ́ orúkọ òun ò ní hàn níbi kankan.

Apá àwọn tó ń hunṣọ ló bọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń jókòó sí kíláàsì kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Kálukú ń hun ìbànújẹ́ ẹ̀, Mujeebat á jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa kọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Àwáwù nawọ́ mú òwú pupa, ọwọ́ ẹ̀ sì dúró.

"Mujee, mo parọ́ fún ọkọ mi," ló wí. "Láti àárọ̀ lọmọ ti ń sọ pé orí ń fọ́ òun. Aṣọ ìyàwó kan ló wà lọ́rùn mi, ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ wá gbé e. Mo ní kó lọ dùbúlẹ̀, pé bí mo bá ti hun dé ibi òwú pupa, màá dìde. Mo débẹ̀, mi ò dìde. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mò ń dáhùn pé mò ń bọ̀, mò ń bọ̀."

Mujeebat dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì jọ sunkún. Ó ní, "Ibí ló máa kú sí, Àǹtí mi."

Mi ò ní parọ́ mọ́ dókítà o: iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́. Oorun padà. Ẹ̀bà ń wọ̀ ọ́ lọ́fun. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, òǹkà ìdáhùn ẹ̀ ti já wálẹ̀ láti mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sí mẹ́jọ. Ìgboyà ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ó pinnu láti jẹ́wọ́ fún Mọ́nsúrù fúnra ẹ̀. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu: bí wọ́n bá ti kórè iṣu tán, tí ọkọ òun bá ti Okaka dé, òun á kúnlẹ̀, òun á sọ ọ́.

Wọn ò jẹ́ kó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìkádìí, wọ́n fi díẹ̀ lára àwọn aṣọ náà kọ́ sí gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n pe tọkọ-taya àti àwọn àlejò láti yunifásítì. Nígbà tí Àwáwù wọlé, ó rí àwọn obìnrin ahunṣọ tí wọ́n ṣù bo aṣọ kan. Èyí fọwọ́ ra etí ẹ̀ lápá òsì, ó yíjú sí èkejì. Mọ́nsúrù, tó ti Okaka wá tààrà, ti ṣáájú ẹ̀ débẹ̀. Òun náà fọwọ́ kan etí aṣọ, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìṣe ẹ̀. Ẹ̀yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. "Ìyá Kẹtàlá" ni wọ́n kọ sókè ẹ̀ dípò orúkọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ Àwáwù ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ní èdè Yorùbá ketekete: àárọ̀ tí ọmọ sọ, òwú pupa, ìpè mẹ́ta.

"Ó pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta?" ni Mọ́nsúrù bi í.

"Bàbá Sodiqat, ẹ jọ̀ọ́, mo ti fẹ́ sọ fún yín..."

"Ká ní o sọ fún mi, ǹ bá bínú, ǹ bá sì dárí jì ẹ́. Lára ògiri ni mo ti kà á, Àwáwù. Gbogbo ìlú la jọ kà á."

Kò gbé ohùn sókè. Lọ́jọ́ kẹta ó tú òfì ẹ̀ palẹ̀, ó kó o lọ sí Okaka. Ó ń fi iṣu àti àgbàdo ránṣẹ́ sí Sodiqat títí di òní, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ò wá.

Dókítà bẹ̀bẹ̀ títí. "Mà, a ò kọ orúkọ yín síbẹ̀," ló ń tún sọ. Ará ìlú ńlá ni, kò mọ̀ pé aṣọ ń dárúkọ ẹni tó hun ún. Mo lè foríjì í. Ṣùgbọ́n Mujeebat! Ọmọ tó lè di ojú, kó sì fa aṣọ ìyá ẹ̀ yọ láàárín igba aṣọ! Òun ló mú aṣọ Àwáwù, òun ló da ọ̀rọ̀ ẹ̀ kọ, nítorí dókítà ní kó mú èyí tó máa wọ àwọn àlejò yunifásítì lọ́kàn jù lọ. Ó ní òun rò pé àwọn èèyàn ò ní wo etí ẹ̀. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn ò ní wo etí aṣọ? Àwọn àgbà ò kúkú parọ́, inú ilé laṣeni ń gbé.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó yẹ kí ìwádìí mọ̀ bóyá ìwòsàn náà dúró. Mujeebat ló tún gbé ìwé wá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì í. Àwáwù, tí egungun ọrùn ẹ̀ ti yọ, ní kó máa bi í.

"Oorun ńkọ́?"

"Òdo."

"Oúnjẹ?"

"Òdo."

"Ṣé ẹ... ṣé ẹ máa ń dá ara yín lẹ́bi?"

"Òdo. Kọ ọ́."

Omi bọ́ lójú Mujeebat sórí ìwé. "Àǹtí mi, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ òótọ́ fún mi."

"Òótọ́? Èyí tí mo fún ẹ níjọ́sí ńkọ́, ibo lo fi kọ́?"

Ọmọbìnrin náà kọ òdo títí tó fi kan ìbéèrè tó kẹ́yìn. Èyí ni kò lè kà síta. Àwáwù fúnra ẹ̀ ló bá a kà á, torí kò gbàgbé ẹ̀: "Ta lẹ lè finú hàn bí ọkàn yín bá wúwo? Orúkọ ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Pa á rẹ́."

Mujeebat mú bírò. "Kí ni kí n kọ dípò ẹ̀?"

"Fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Àwáwù wí. Ó dúró tì í títí ó fi pa á rẹ́ tán, ó sì ní kó máa lọ sílé.