Orúkọ Tó Fi Mím Bẹ̀rẹ̀

Ẹ má bi mí pé ta ló ni ìwé náà. Gbogbo wa la ni ín. Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, ló gbé e wá láti Ìlọrin nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ wá ta aṣọ ní Lomé, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti di ti gbogbo wa. Ìwé àkọ́kà ni, ìwé a-b-d ọmọdé ní èdè wa, tó ní àwòrán ewúrẹ́, ìkòkò àti ọkọ̀ ojú omi. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ò dùn mọ́ àwọn àgbà mọ́sálásí wa nínú, ni Àáfáà bá fi ògì lẹ bébà bo àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀. Adé ọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú ewé kìíní ńkọ́? Ta ló ráyè ìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì la bò, adé la fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n máa ń fi aṣọ funfun wé e, tí yóò kúrò nílé kan lọ sí òmíràn. Ọmọ tó bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú àwọn àgbà, Àáfáà á fi lẹ́tà kéú kọ orúkọ rẹ̀ sí ewé ẹ̀yìn. Orúkọ bàbá mi wà níbẹ̀. Ti ọkùnrin tó ń ta àtùpà lọ́jà, tó ti hu irùngbọ̀n tán, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ekólì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Faransé, ẹgba ni tẹni tó bá sọ èdè ilé rẹ̀. Nítorí náà, ìwé yẹn dùn ún kà ju oúnjẹ lọ.

Ìyá àgbà máa ń fi òwú rán ewé ẹ̀yìn yẹn pa kí ọmọdé má baà fọwọ́ pa á rẹ́. Bó bá di ọjọ́ tí wọ́n á kọ orúkọ tuntun, òun fúnra rẹ̀ ló ń tú u, àtàǹpàkò rẹ̀ kì í sì í kúrò lórí orúkọ kan lókè. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tó kàn mí, ẹnu mi sì mú bí abẹ. Bí wọ́n ṣe kọ tèmi tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ṣáájú mi sókè. Ìyá àgbà gbé àtàǹpàkò kúrò kó lè nu ojú rẹ̀. Mo rí lẹ́tà mím tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo la ẹnu, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì bò mí lẹ́nu.

“Ìyẹn kì í ṣe orúkọ tí à ń pè,” ló wí.

Àkọ́bí rẹ̀ ni, ọmọbìnrin tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi. Lọ́dọ̀ wa, ìyá kì í pe orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ pè é létí rẹ̀. Àáfáà ní kò sí ohun tó jọ ọ́ nínú ẹ̀sìn. Ìyá àgbà dá a lóhùn pé, “Ẹ̀yin lẹ ni tírà, Àáfáà. Èmi ni mo ni inú tó bí i.”

Ogun dé lẹ́yìn náà. Àwọn Faransé tó ń ṣàkóso wa di ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ti ẹnubodè pa. Wọ́n mú ọkùnrin kan ládùúgbò wa nítorí agolo bisikíìtì tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí lára, pé amí ni. A ò rí i mọ́. Àwọn èèyàn wá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní mọ́sálásí. Àwọn àgbà ní ká sun ìwé náà. “Ẹ kọ́kọ́ sun èmi ná,” ni Ìyá àgbà wí, ó sì rì í mọ́nú àpò gaàrí. Mo rí i níbi tó ti ń rì í.

Ọ̀sán kan, gáàdì kan wọlé. Ará Atakpamé ni, ó sì sọ èdè wa, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́hùn-ún. N ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó wọ aṣọ ìjọba rí, inú mi dùn. Ó bi bàbá mi pé, “Ìwé dà?”

Bébà owó orí ló ń wí. Bàbá mi sáré wọ yàrá lọ wá a. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì là ń pe bébà owó orí nílé wa. Ìwé kan ṣoṣo la ní.

Mo ti ọwọ́ bọ gaàrí, mo gbé e jáde, mo gbọn ìyẹ̀fun ara rẹ̀ dànù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún gáàdì. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé orí ewúrẹ́. Ó gbà á, ó ṣí ewé kìíní, ó rí adé, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Ó já òwú ẹ̀yìn, ó rí àwọn orúkọ ní lẹ́tà kéú, wọ́n tò gbọọrọ.

“Ta ni àwọn wọ̀nyí?”

Mo gbé àyà sókè, mo ní, “Àwa ni.”

Wọ́n mú bàbá mi lọ pẹ̀lú ìwé. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò bá mi wí, ìyẹn ló burú jù. Nígbà tí bàbá mi dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè wọ bàtà. Ó ní kọmáńdà, ọ̀gá àwọn Faransé, sọ pé wọn ò ní tú òun sílẹ̀ àfi bí òun bá fi ọwọ́ ara òun ju ìwé náà síná. Òun sì jù ú.

“O kú ewu,” ni Ìyá àgbà wí. “Ìwọ lọmọ. Bébà nìyẹn.”

Nígbà tó di àsárì, mo ń ṣe àlùwàlá, Ìyá àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi.

“Lọ́jọ́ yẹn,” ló wí, “ṣé o kà á tán?”

“Mím nìkan ni mo kà, Ìyá. Ẹ bò mí lẹ́nu.”

Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń wò ó. Ó la ẹnu, mo dúró. Ó pa á dé, ó sì lọ kírun.

Ogun ò tíì parí nígbà tó kú. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo bí, mím ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N ò mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú wọn ni orúkọ tí Ìyá àgbà ò jẹ́ kí n pè.