Ọ̀pá Kífì Mọ́kànlá Lẹ́yìn Ilé Buziyan

Ní abúlé wa lórí òkè Rífì, bí ọ̀pá kífì bá dá, tí ewé rẹ̀ rọ jọwọlọ, a kì í bú ẹnikẹ́ni kí Haddu tó dé. Haddu ni àbúrò bàbá ọkọ mi. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń jẹun, èmi ni mo sì ń dáná fún un. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. O lè kí i ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀kan, bàtà rẹ ni yóò sì máa wò bó ti ń dáhùn.

Kífì yìí náà ni ẹ̀yin ń pè ní igbó. Ẹ má wulẹ̀ bojú jẹ́ sí mi. Ilé tó bá ní àlùbọ́sà lẹ́yìnkùlé lọ́dọ̀ wa, ó ní kífì pẹ̀lú, àwọn bàbá ń rún un sínú ìkòkò tábà wọn, ayé sì ń lọ.

Bí Haddu bá ń yẹ igi tó ń ṣàìsàn wò, ojú rẹ̀ kọ́ ló ń lò, àtàǹpàkò ni. Á kúnlẹ̀, á fi fa ara ọ̀pá náà láti orí dé ìdí. Bí ó bá jẹ́ ehín ewúrẹ́, èèpo á ya, orí igi á sì ti lọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀bẹ olè, ojú ọgbẹ́ á jọ̀lọ̀. Kòkòrò a máa lu ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́, ìyẹ̀fun á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Atẹ́gùn ní tirẹ̀, àárín ló ti máa ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò rí i kó ṣì í rí.

Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni fífa akọ. Bí ìbẹ́pẹ ṣe ní akọ tí kì í so, bẹ́ẹ̀ ni kífì ṣe ní. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, a ó fa akọ tu kí abo lè ráyè mí, a ó wá fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún irúgbìn. Ṣùgbọ́n a máa ń gbìn ín fún pọ̀ mọ́ra ni, gbòǹgbò wọn ti wé mọ́ ara wọn nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fà á gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí abo mọ́lẹ̀, kó fa akọ sókè tààrà, kó má yẹ̀ sọ́tùn-ún, kó má yẹ̀ sósì. Ilé mẹ́rìndínlógún ló wà lábúlé wa, Haddu nìkan ló sì ń fa akọ gbogbo wọn láti ogójì ọdún. Ọkùnrin kì í fọwọ́ ara rẹ̀ fa akọ nínú ọgbà ara rẹ̀. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bó bá ti ibẹ̀ dé, ẹnu ọ̀nà mi ló máa ń jókòó sí, màá sì bu tíì eléwé minti fún un. Ìdajì ife ni mo ń bù láti ìgbà òtútù èṣí. Ọkọ mi ní ahun ni mí. Mo ní kó gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá tó fa akọ ọgbà Buziyan tán, mọ́kànlá nínú àwọn abo ibẹ̀ dorí kodò. Buziyan, tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo, rí ìgbẹ́ ewúrẹ́ lẹ́bàá ọgbà, ó bá figbe ta.

"Yamna! Jáde wá! Àwọn ewúrẹ́ rẹ ti ba tèmi jẹ́!"

Yamna jáde. Opó ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. "Buziyan, àwọn ewúrẹ́ mi gbọ́n jù ọ́ lọ. Wọn kì í jẹ ohun tó korò."

"O ṣì ń rẹ́rìn-ín? A ó pàdé lọ́dọ̀ àwọn àgbà."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ lóòótọ́. Òfin wa ni pé ewúrẹ́ tó bá wọ ọgbà kífì gbọ́dọ̀ sọ̀ kúrò lórí òkè títí ìkórè yóò fi parí. Ewúrẹ́ mẹ́fà ni Yamna ní, wàrà wọn ló ń jẹ, òun náà ló ń tà. Kò ní ibòmíràn tó lè kó wọn lọ ju ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀ ní àfonífojì. Àbúrò ọkọ yìí ti bá a tọ́jú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan rí. Ó ṣì ń bá a tọ́jú rẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn àgbà péjọ sí ọgbà náà, Allal olórí wọn sì ránṣẹ́ pe Haddu. Àwa obìnrin dúró lẹ́yìn ọgbà. Haddu kúnlẹ̀.

"Ewúrẹ́ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, bàbá?" Buziyan béèrè.

"Ewúrẹ́ kì í fi orí sílẹ̀ kó wá máa jẹ ìdí."

Ó la ọ̀pá kan láàárín. Inú rẹ̀ funfun, kò sí kòkòrò. Ó tún fọwọ́ wá a títí dé ilẹ̀: ibẹ̀ ló ti là, gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ kan sì ti sí kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀.

"Wọ́n fi ìwo tì í nìyẹn!" Buziyan pariwo. "Ẹ ò rí i bí?"

Allal mi orí. "Ó jọ bẹ́ẹ̀ o."

Yamna di igi ọgbà mú. Haddu ki ìka méjì bọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá náà, wọ́n sì wọlé tán. Ihò ni, ibi tí akọ ti jáde. Ó rákò lọ sídìí èkejì, ihò wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀. Ó yẹ mọ́kànlá wò, kò sì dìde.

Mo mọ ohun tó rí. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí Haddu sọ pé atẹ́gùn ni. Yamna ì bá bọ́, òun náà ì bá bọ́, kò sì sí ẹni tí yóò já a ní irọ́.

"Kì í ṣe ewúrẹ́," ó wí. "Ọwọ́ mi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Haddu, àánú opó ti pọ̀ lójú rẹ jù," ni Allal wí. "Ọwọ́ ogójì ọdún?"

"Bàbá, ẹ má bá a bo ewúrẹ́ mọ́lẹ̀," Buziyan wí.

Haddu dìde, ó lọ sídìí akọ kan ṣoṣo tó kù.

"Ẹ jọ̀ọ́, irúgbìn mi nìyẹn!"

Kò gbọ́. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí abo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì di akọ mú. Gbogbo wa la rí ọwọ́ náà bó ti ń gbọ̀n. Ó fà á sókè, ó yẹ̀ sósì, ìdí abo náà là, ó ró pà. Haddu kó akọ lé Buziyan lọ́wọ́.

"Mọ́kànlá tẹ́lẹ̀," ó wí. "Ó ti di méjìlá."

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Allal ní kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà mi ni Haddu wá jókòó sí. Mo gbé tíì wá. Ó wo ife náà pẹ́.

"Ìyá Sufyan, o ti mọ̀."

"Kí ni mo mọ̀, bàbá?"

"Ìdajì ife."

Ojú tì mí, mi ò lè purọ́. Nígbà òtútù èṣí, tíì gbígbóná dà sí i lórókún lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì sọ nǹkan kan. Mo ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí kò fi dà mọ́. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún un.

"Ká ní o sọ fún mi ni," ó wí, "ǹ bá ti fi akọ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn."

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Bù ú kún."

Mo bù ú kún dé ẹnu. Ó dà sí i níka, ó dà sí orókún rẹ̀, ó dà sórí ẹní. Mo nawọ́ láti bá a di ife náà mú, ó yí èjìká sí mi. Nígbà tó gbé e dé ẹnu, ìdajì ló kù. Ó mu ún tán, ó sì tún na ife náà sí mi.