Ẹni Tí Màmá Ṣẹ́gun Lè Kúnlẹ̀ Fún

"Ẹ má gbé wọn."

Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ará ilé kò gbọ́. Mo tún un sọ, wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n fi oúnjẹ du ọmọ tí ebi ń pa. Màmá Ṣẹ́gun wà nílẹ̀ yàrá wọn ní Igbó-Elérin, lórí ẹní tí èmi fúnra mi tẹ́. Wọn kò ṣubú. Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ láti orí àga, kí wọ́n sì dá gòkè padà sórí rẹ̀, torí pé iṣẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Àmọ́ bí Màmá ṣe mí kanlẹ̀ báyìí, ojú fèrèsé ti kún. Ìyá Fẹ́mi tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà wọlé, ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n ki ọwọ́ bọ Màmá lábíyá, wọ́n sì gbé wọn ka orí àga.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ò rí i pé àgbàlagbà ni?" Ìyá Fẹ́mi bi mí. "Ẹ wá dúró, ẹ ń wò wọ́n nílẹ̀."

N kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ fisió ni mo fi ayé mi ṣe, iṣẹ́ kí á máa kọ́ ara tí àìsàn ti dá dúró bí yóò ṣe tún rìn. Ṣùgbọ́n láti Ìyànà-Ìbà títí dé Àjàngbádì, ẹni tó bá ti wọ ẹ̀wù funfun, tó gbé báàgì wọ ilé aláìsàn, nọ́ọ̀sì ni. Mo ti jẹ́ orúkọ yẹn títí ó fi mọ́ mi lára.

Ọ̀gá Láńre ló kọ́ mi níṣẹ́, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn, mo kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó jẹ́ kí n dìde tán. Ó ní, "Padà sílẹ̀. Rọra lọ, kí o gbé ọwọ́ lé itan ẹ. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ẹ?"

"Ó ń le, sà."

"Ó dáa. Iṣẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Àwa Yorùbá, ohunkóhun tó bá ti nà bí okùn nínú ara, iṣan la ń pè é. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan ni. Èyí tó de egungun mọ́ra, iṣan ni. Ẹran tó ń sún kì, tó sì ń dẹ̀ kí ara tó lè gbéra, iṣan náà ni. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fi ń jẹun. Ọ̀gá Láńre fi ìkúnlẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo kọ́ mi ní púpọ̀ nínú wọn. Ó ní iṣan iwájú itan dà bí okùn tí a fi ń sọ garawa sínú kànga. Òun ló ń tú ara sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí a bá ń lọ sílẹ̀. Tí okùn yẹn bá já gbà, orúnkún á já lulẹ̀. Iṣan ìdí ló tóbi jù lọ nínú gbogbo ara. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Ọlọ́run torí ìjókòó dá ìdí, bẹ́ẹ̀ ìdìde gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Tí ìdí bá ń gbé wa sókè, ẹran ẹ̀yìn ojúgun á máa ti ilẹ̀ sẹ́yìn, iṣan ikùn á di inú bí ọ̀já, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ni kò sì ní jẹ́ ká ṣẹ́po bí aṣọ.

Ohun kan ló máa ń tẹ̀ mọ́ wa létí jù. Ó ní iṣan tí a kò bá rán níṣẹ́, á kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó tún máa ń sọ pé, "Ọwọ́ tó bá ń yára gbé aláìsàn, iṣan rẹ̀ ló ń jí gbé." Èmi náà máa ń sọ ọ́ fún àwọn aláìsàn mi.

Iṣẹ́ yìí ní ìdánìkanwà tirẹ̀. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọwọ́ mi kì í kúrò lára ènìyàn. Mo mọ èjìká bíríkìlà kan ní Ìbà ju bí ìyàwó rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá padà sí Okokomaiko, tí mo ṣílẹ̀kùn, kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kàn mí. Ọkọ mi ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí wà ní Kánádà, orí fóònù la ti ń ríra. Mo máa ń fi òróró tó bá ṣẹ́ kù pa ẹsẹ̀ ara mi, kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Màmá Ṣẹ́gun fi wọ̀ mí lára. Opó ni àwọn náà, sùtánà ni wọ́n ń rán fún àwọn ọmọ ìjọ wọn, ìjọ aláṣọ funfun kan ní Àjàngbádì. Ṣẹ́gun wà ní Àbújá, ó ń sanwó, kò ráyè wá. Nígbà tí sitiróòkù kọlù wọ́n, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ló rọ. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, apá náà ti ń gbéra díẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ maṣíìnì láti ìgbà ọmọge ló gbẹ jù. Maṣíìnì náà wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, aṣọ bò ó.

"Kí lẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí bá yín ṣe, Màmá?" Mo máa ń bi gbogbo aláìsàn mi bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, àwọn kan á ní àwọn fẹ́ lọ sọ́jà.

"Mo fẹ́ kúnlẹ̀," wọ́n ní.

Nínú ìjọ wọn, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á tún kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi kan tí wọ́n gbìyànjú láti lọ lẹ́yìn àìsàn náà, àwọn ará ìjọ gbé àga fún wọn lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó wá gba ìwòsàn. "Èmi tí mo rán aṣọ sí wọn lọ́rùn," ni Màmá wí. "Ọjọ́ tí mo bá lè kúnlẹ̀ tí mo sì lè dá dìde ni mo máa padà síbẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí n kúkú jókòó sínú yàrá yìí títí Ọlọ́run á fi rántí mi."

Mo mọ̀ pé wọn kò ṣàwàdà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó jókòó bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́.

Mo gbé tìmùtìmù sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo ní kí a jọ ṣe é.

"Ta ni kó kúnlẹ̀ fún ta?" wọ́n bi mí. "Ọmọ tí àbúrò mi bí jù ẹ́ lọ."

"Ẹksasáìsì ni, mà. Kì í ṣe ìkíni."

"Orúnkún mi ò mọ̀yẹn."

"Tí ẹ bá kọjú sí ògiri ńkọ́?"

"Ṣé ògiri ló bí mi ni?"

"Ẹ fi gbàdúrà nígbà náà, mà."

"Mi ò lè máa fi Ọlọ́run kọ́ṣẹ́."

Mo gbé tìmùtìmù kúrò nílẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi yà sí ọ̀rọ̀ orí àga àti ẹní. Ẹ sì ti rí bí ìyẹn ṣe parí: Ìyá Fẹ́mi àti ọkọ rẹ̀. N kò lè bá wọn jà, torí pé bí wọ́n ṣe tọ́ mi náà nìyẹn. Ọmọ tó bá rí àgbà nílẹ̀ tí kò sáré fà á sókè, kò lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ilé yẹn ló fẹ́ràn Màmá, wọ́n ń bá wọn pọnmi, wọ́n ń bá wọn gbé ife sẹ́nu, wọ́n ń fà wọ́n dìde. Àpọ́nlé náà fẹ́ jẹ itan wọn tán.

Lọ́sàn-án tí wọ́n gbé Màmá ka orí àga yẹn, mo lọ fọ òróró kúrò lọ́wọ́ níbi ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé. Ìyá onílé, arúgbó Mùsùlùmí ará Ìsẹ́yìn kan tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n wá ọwọ́ mi, wọ́n dì í mú, wọn kò fi í sílẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ gbóná," wọ́n ní. "Ìwọ kúnlẹ̀. Àwọn tibí, orí eré ni wọ́n ti ń kí mi. Ta lo wá wò?"

"Màmá Ṣẹ́gun, mà. Ìyá tó wà ní yàrá iwájú."

"Ṣé wọ́n ṣì wà? Mo rò pé wọ́n ti kó lọ."

Ògiri méjì ló wà láàárín wọn. Ó dùn mí dọ́kàn. Mo wá bi wọ́n bóyá wọ́n ju Màmá lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ méjì ni àwọn ti bí kí òmìnira tó dé. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tí mo máa ṣe.

Nígbà tí mo tún padà débẹ̀, n kò dárúkọ ẹksasáìsì rárá. Mo ní, "Màmá, ìyá onílé ń béèrè yín. Wọ́n ní àwọn rò pé ẹ ti kó lọ."

Màmá fa gèlè wọn, wọ́n wé e dáadáa. "Ó ti pẹ́ tí mo ti kí wọn," wọ́n ní. "Fún mi ní ọ̀pá yẹn."

A fi ọwọ́ lé ògiri, a dé ẹ̀yìnkùlé. Màmá di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Itan òsì ń gbọ̀n. Nígbà tó kù díẹ̀, okùn já gbà, orúnkún sì ró gbì lórí ẹní. "Ẹ káàárọ̀, mà," Màmá wí, ohùn wọn kò yẹ̀.

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé wọn lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó dà bíi pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ẹni gbàdúrà fún, nítorí náà wọ́n tú gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ dà sórí Màmá. Wọ́n ṣe é fún ọmọ, wọ́n ṣe é fún ọmọ ọmọ, wọ́n ṣe é fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà Badagry, wọ́n tún bẹ Ọlọ́run nítorí iná mànàmáná. Màmá ń ṣe àmín, òógùn ń bọ́. Ọwọ́ ń yún mi láti fà wọ́n sókè; mo ká a sẹ́yìn. Ìyá Fẹ́mi jáde, ó gbé ìgbálẹ̀ dání, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ já lu àdúrà àgbà?

"Dìde, ọmọ mi," Ìyá Àgbà wí níkẹyìn. Wọ́n na ọwọ́ bí àgbà ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn kò lè gbé ife omi tó kún. Nínú gbogbo ilé náà, Ìyá Àgbà nìkan ni kò ní agbára láti gbé Màmá.

Màmá wò mí. Mo wo ilẹ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, wọ́n fi àyà síwájú títí imú fi kọjá orúnkún, bí mo ṣe kọ́ wọn lórí àga. Ìdí gbéra. Ó dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà, bí ẹni tó fẹ́ yí ọkàn padà, lẹ́yìn náà ni ó lọ sókè pátápátá.

"Ọ̀la ńkọ́?" Ìyá Àgbà bi wọ́n.

"Màá wá, mà."

Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ tí Màmá kì í lọ. Okùn kò já gbà mọ́. Ìkíni di ìjókòó, ìjókòó di ọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Màmá ṣí aṣọ kúrò lórí maṣíìnì. Lọ́jọ́ ìsinmi tí wọ́n padà sí ìjọ, mo tẹ̀ lé wọn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà mi wà lọ́wọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn, wọ́n sì bá wọn dìde. Kò sẹ́ni tó wojú wọn, torí ohun tí gbogbo wọn ń ṣe náà nìyẹn. Èmi nìkan ni mo sunkún. Mo délé, mo pe ọmọ mi kí n lè sọ fún un, kò gbé fóònù. Ó wà níbi iṣẹ́.

Ìyá Àgbà kú ní ìgbà ọyẹ́. Mo lọ kí Màmá. "Kò sí ẹni tí mo lè kúnlẹ̀ fún nínú ilé yìí mọ́," wọ́n ní. Mo rò pé ọ̀rọ̀ itan ni wọ́n ń sọ, mo ní kí wọ́n máa di àga mú ṣe é. Wọ́n kàn wò mí.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọ̀gá Láńre ti lọ, ìyá mi lọ, ẹ̀gbọ́n mi tó kù ní Ìlaró náà tẹ̀ lé wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ dìde lórí àpótí tí mo ti ń fọ abọ́, itan mi gbọ̀n, mo padà jókòó. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ronú ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún kẹ́yìn, n kò rántí. Ní òpópónà wa, èmi ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Màmá yé mi, ó sì yé mi ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ sí Igbó-Elérin.

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Ìyá Àgbà máa ń jókòó sí. Wọ́n ti gbó. Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi ró. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ òsì yẹn gan-an, wọn kò sì tètè gbé e kúrò. Àdúrà náà gùn. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, mo ń retí kí wọ́n na ọwọ́ sí mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, wọ́n jókòó lé e.

"Ẹ ò ní fà mí dìde ni, mà?"

"Kí n wá jí iṣan ẹ gbé? Dá dìde."

Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo dìde.

"Ọ̀la ńkọ́?" wọ́n bi mí.

"Màá wá, mà."