Ọjọ́ Tí Pẹ̀sẹ̀ Fi Ọ̀rọ̀ Wá Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Lẹ́nu Wò

Obìnrin kan wà ní ilé ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ àti ọkàn wọn ń fẹ́ ìrànwọ́, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Pẹ̀sẹ̀. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn aláìsàn ló fún un, nítorí pé láti ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó rí i kí ó sáré, kí ó jágbe, tàbí kí ó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíràn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dán ìrántí àti òye ènìyàn wò. Yàrá rẹ̀ kò tóbi: tábìlì kan, àga méjì, fèrèsé tó kọjú sí ògiri, àti páálí kan tí ègé igi kéékèèké mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀, tí apá kan ara wọn pupa, tí apá kejì funfun. Yóò fi àwòrán han aláìsàn, yóò ní kí ó to àwọn igi náà kí wọ́n dà bí àwòrán ọ̀hún, yóò sì tẹ aago. Bí aago bá dún, yóò kọ nọ́ńbà sínú fọ́ọ̀mù. Dókítà ni yóò ka nọ́ńbà náà, dókítà ni yóò sọ ohun tó túmọ̀ sí, dókítà náà ni yóò sì jókòó ti aláìsàn láti bá a wá ọ̀nà àbáyọ. Ní àkókò náà, Pẹ̀sẹ̀ á ti máa kó igi rẹ̀ padà sínú páálí.

Ohun tó ń wù ú kò ju pé kí òun náà jókòó níbi tí ìtọ́jú gan-an ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan wà tí a fi ń kọ́ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ àti òye wo ọgbẹ́ tí ojú kò rí. Sáíkọ́lọ́jì ìtọ́jú ni wọ́n ń pè é, ẹni tí kò bá sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀ kò lè fi ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni gbèdéke wà. Bí igba ènìyàn bá kọ̀wé sí yunifásítì kan, mẹ́rin péré ni wọ́n ń mú. Wọn kì í sì í gba ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti kọjá ọdún mẹ́rìnlélógójì. Pẹ̀sẹ̀ ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì rí, wọn kò mú un. Ní ọdún tí à ń wí yìí, ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì géérégé, ó sì kọ̀wé sí yunifásítì márùn-ún. Àkọ́kọ́ fi ìlà méjì dá a lóhùn. Èkejì fi ojú ìwé kan gbáko kí i, ó kí i dáadáa, kí ó tó sọ pé rárá. Ẹ̀kẹta ní àyè ti kún. Ẹ̀kẹrin kò fọhùn, àgbà sì mọ̀ pé àìfèsì náà èsì ni. Ó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan náà ló wá ránṣẹ́ pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ìdajì wákàtí.

Ó ti dé ibẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, ènìyàn mẹ́ta ló bá lẹ́yìn tábìlì gígùn kan: ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà tó pá lórí, tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ka náà, obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó fi okùn gbé awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, àti ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan tí wọ́n fi ṣe akọ̀wé.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ni ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà wí. "Ẹ sọ díẹ̀ fún wa nípa ara yín."

Pẹ̀sẹ̀ la ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìnlá wo ojú ènìyàn kò lè fi ojú náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé. Ó rí i pé bọ́tìnnì ẹ̀wù bàbá náà kò bá ihò ara wọn mu, pé ojú rẹ̀ pọ́n, pé ìdí bírò ló dojú kọ ìwé. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti sọ fún un ní ọjọ́ kìíní pé, "Ẹni tó bá jókòó níwájú rẹ ló ni ọ̀rọ̀. Tìrẹ kò sí ńbẹ̀." Òfin yìí ti wọ̀ ọ́ lára.

"Mo dúpẹ́, sà," ló wí. "Ẹ má bínú o, kí n tó sọ̀rọ̀, ṣé ẹ rí oorun sùn lánàá?"

Bàbá náà wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì. "Oorun kẹ̀? Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, sà?"

Ọ̀rọ̀ bá bọ́. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló lọ ilé ọkọ. Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́, àfi bí ẹni pé wọ́n kó etí ènìyàn dà sínú òwú. Rédíò mẹ́ta ló ń tàn ní yàrá mẹ́ta báyìí, kò sì gbọ́ ìkankan nínú wọn.

"Ọ̀gá, ẹ ò mà sọ fún wa!" ni obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n kígbe.

"Ẹ ò bi mí ni."

Pẹ̀sẹ̀ yí ojú sí i wẹ́rẹ́. "Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ilé tó dákẹ́ yìí kan ẹ̀yin náà, mà."

"Tèmi ì bá dákẹ́!" ni ìyẹn wí. "Ìyá ọkọ mi ti kó dé láti oṣù tó kọjá. Bí mo bá gbé ìgbálẹ̀ síbí, á gbé e sọ́hùn-ún. Mo ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń fi sùúrù gbé pọ̀, mo dẹ̀ ń fi ara pamọ́ sínú ọkọ̀ mi láti jẹun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé pàápàá gbé bírò sílẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òtítọ́ ni à ń sọ, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba òun síṣẹ́ ni ẹ̀rù àwọn méjèèjì ti ń ba òun. Èyí náà gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Kété tí wọ́n fẹ́ máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn: àkókò ti tó, ẹni tó kàn ti dé.

Pẹ̀sẹ̀ dìde, ó dúpẹ́, ó kí wọn pé ó dàbọ̀. Orí àtẹ̀gùn ló dé, ọwọ́ rẹ̀ wà lára irin, kí ó tó yé e pé òun kò tilẹ̀ sọ irú iṣẹ́ tí òun ń ṣe.

Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe káfíńtà, ìyá rẹ̀ tó ń bá wọn gbé, àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, gbogbo wọn ló ti ń retí rẹ̀ ní pálọ̀.

"Ìbéèrè mélòó ni wọ́n bi ọ́?" ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹyọ kan."

"Kí lo fi dá wọn lóhùn?"

"N kò tíì dáhùn tí àkókò fi tán."

"Ìdajì wákàtí gbáko! Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń gbọ́ wọn ni."

Màmá gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Ẹ gbà mí o! Ọmọ mi gbé ọjà lọ sọ́jà, kò tà, ó tún wá ra tọlọ́jà bọ̀!"

"Mọ́mì," ni ọmọ náà wí, ó ti fi ẹ̀yìn ti ògiri fún ẹ̀rín, "ṣé ẹ ti dá ọjọ́ fún wọn tí wọ́n máa padà wá rí yín?"

Pẹ̀sẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, òun nìkan ló sì mọ iye omi náà tí kì í ṣe ti ẹ̀rín. Bí ọdún yìí bá lọ, ilẹ̀kùn tì nìyẹn.

Ní ọjọ́rú, fóònù dún. Obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n ni. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó láti fún yín ní máàkì, la bá rí i pé ìwé wa funfun báláú. A ti mọ ara wa ju bí a ṣe mọra tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n a ò mọ̀ yín. Ọ̀gá ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì fún ogún ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ ò gbọdọ̀ bi wá ní ìbéèrè kankan. Kò gbọdọ̀ sí 'ṣé', kò gbọdọ̀ sí 'kí ló dé'. Tiyín nìkan ni kí ẹ sọ."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ilé di ilé ẹ̀kọ́. Ọkọ rẹ̀ gba awò ojú Màmá, ó gbé e wọ imú, ó jókòó sẹ́yìn tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, ó yọ ikùn síta bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ mú ṣíbí àti agolo òfìfo: ìgbàkígbà tí ìyá rẹ̀ bá bèèrè nǹkan, yóò lù ú.

"Ẹ sọ nípa ara yín," ni káfíńtà wí, ó fi imú sọ ọ́.

"Mo dúpẹ́, sà. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Gbàǹ!

"Ó dára, ó dára. Èmi kì í kúkú ṣe ẹni ńlá kan—"

"Ta ló bi ọ́ ní ẹni tí o kì í ṣe?" ni Màmá wí láti orí àga rẹ̀.

"Màámi, a kì í fi ẹnu ara ẹni yin ara ẹni."

"Ta ló ní kí o yin ara rẹ? Bí ọkọ rẹ bá kan àga tán, ṣé kò ní lè sọ pé igi báyìí ni mo lò, ibí yìí ni mo fi ìṣó sí? Ṣé ìyìn nìyẹn? Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga tirẹ̀ ń mì."

"Màámi, èwo ni tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Fi awò mi wò mí dáadáa kí o tó sọ̀rọ̀. Ìwọ ọmọ mi, dá mi lóhùn: kí lo ń ṣe níbi iṣẹ́ yẹn tí ẹlòmíràn kì í ṣe?"

Pẹ̀sẹ̀ yí ojú sí i. "Mo máa ń dúró," ló wí.

"Dúró báwo?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òfin iṣẹ́ ni pé bí aago bá dún, kí a kó igi kúrò níwájú aláìsàn. Òun kì í kó o. Òun á kọ nọ́ńbà tí òfin wí sínú fọ́ọ̀mù, òun á sì jẹ́ kí onítọ̀hún máa tò ó lọ. Bíríkìlà kan ló kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ han òun, ọkùnrin tó já bọ́ láti orí àkàbà níbi tó ti ń mọ ilé, tó fi orí gbálẹ̀. Aago dún, igi méjì péré ló ti tò. Òdo ni òfin fún un. Kò tilẹ̀ gbọ́ aago. Ó ń bá àwọn igi náà sọ̀rọ̀ pé, "Wá, ìwọ. Ìwọ náà, sún sẹ́yìn." Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ parí, kò sì sí àléébù kan lára rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ní àyè fún òdo, kò ní àyè fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ni òun bá ra ìwé kékeré kan, òun ń kọ ọ́ síbẹ̀ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni: àsìkò tí aago dún, àsìkò tí iṣẹ́ parí, ohun tí ẹni náà ṣe láàárín méjèèjì. Nínú àwọn tí òfin fún ní òdo, ó lé ní ìdajì tó parí rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni àwọn tí òun máa ń gbúròó nígbà tó bá yá pé wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí òun fẹ́ lọ kọ́ ni ìdí rẹ̀, àti bí a ṣe lè fi tọ́jú wọn.

"Ènìyàn mélòó lo ti kọ?" ni ọkọ rẹ̀ bèèrè. Kò fi imú sọ ọ́ mọ́.

"Ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá. Ọdún kọkànlá rèé."

Káfíńtà yọ awò kúrò lójú. "Ọdún mọ́kànlá! Inú ilé yìí náà lo sì ń gbé?"

"N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni."

Ọmọ ti gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mọ́mì, ẹ kàn sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí. Ẹ má yí ohunkóhun padà. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ dákẹ́."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Pẹ̀sẹ̀ kó mẹ́ta nínú àwọn ìwé kékeré rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ. Bọ́tìnnì ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ti bá ihò ara wọn mu. Ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé sín lẹ́ẹ̀mẹta, Pẹ̀sẹ̀ sì fi eyín dá ahọ́n rẹ̀ dúró kí ó má baà béèrè ìgbà tí ọ̀fìnkìn náà bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ń rìn bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ bàtà tuntun, lẹ́yìn náà ó balẹ̀. Nígbà tí ó dé orí bíríkìlà, obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n gbé awò ojú wọ̀. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, ẹnikẹ́ni kò wo aago. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ti gba ọ̀kan nínú àwọn ìwé kékeré náà, ó ń ṣí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ní kí ẹ máa kọ èyí?"

"Kò sí, sà."

"Kí ló wá dé tí kò sí nínú ìwé tí ẹ kọ sí wa? Mo ka gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí, ẹ kọ ìwé ẹ̀rí, ẹ kọ orúkọ ọ̀gá yín. Kò sí èyí níbẹ̀."

"Fọ́ọ̀mù yín kò ní àyè fún un, sà."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rín in débi pé ó ní láti gbé ìwé náà sílẹ̀ kí ó má baà rún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán, láàárín aláìsàn kan àti òmíràn, lẹ́tà yunifásítì náà bọ́ sórí fóònù rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ìka tọ ìlà. Wọ́n ti mú un: ọ̀kan nínú mẹ́rin. Wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí ó kó gbogbo àwọn ìwé kékeré náà dání ní ọjọ́ ìwọlé, nítorí pé orí wọn ni ìwádìí rẹ̀ yóò dúró lé.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Pẹ̀sẹ̀ tó ti fi ọdún mẹ́rìnlá ń gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dá obìnrin tó ń nu ilẹ̀ dúró, ó sọ fún un. Ó wọ yàrá oògùn, ó sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀, àti fún àwọn tó tò síwájú fèrèsé. Ó kan ilẹ̀kùn dókítà, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú rédíò mẹ́ta, pẹ̀lú agolo àti ṣíbí. Dókítà dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Pẹ̀sẹ̀, ẹ kú oríire! Kí n sọ òótọ́, láti ọjọ́ tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, n kò gbọ́ tó èyí lẹ́nu yín rí."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó bá bàbá aṣọ́nà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Bàbá, wọ́n ti gbà mí o! Mo ń lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé."

"Háà, ọmọ mi, orí rẹ ṣe é! Nínú kí ni?"

"Nínú sáíkọ́lọ́jì ìtọ́jú."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Pẹ̀sẹ̀ sọ báàgì kalẹ̀, ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí àdúgbò rẹ̀ dé, ó fọn fèrè, ó lọ. Èkejì dé, ó lọ. Ẹ̀kẹta ni ó tó wọ̀, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ló sì jókòó sí, kí ìyẹn náà lè gbọ́.