Oúnjẹ Tí Mo Gbé sí Oríta

Òórùn ewé bay tó ń jóná ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú. Ewé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni, ọkọ mi ló rà á, ṣùgbọ́n ìrẹsì kò rí i lò. Èmi ni mo ń ṣáná sí i, tí mo ń tì í bọ inú abọ́ omi oníyọ̀, kí n lè fi omi náà fọwọ́ kí n tó bá àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì sọ̀rọ̀. Alarm èéfín ilé wa ní North York, ní Kánádà, kò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn kankan. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fẹ́ di mímọ́ ló máa ń han gooro.

Oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi nígbà náà, òtútù ọdún àkọ́kọ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi mì. Obìnrin òyìnbó kan tá a jọ ń to ẹrù ní warehouse kan ní Malton ló mú mi mọ ọ̀nà yẹn. Ó ní òun àtàwọn ẹgbẹ́ òun ń tún ẹ̀sìn àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ gbé dìde láti inú ìwé, nítorí okùn rẹ̀ ti já tipẹ́, kò sì sí ìyá àgbà kankan láyé tó lè kọ́ wọn. Àánú wọn ṣe mí. Èmi tí màmá àgbà mi máa ń bu omi tútù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀ ní Ìbàdàn, tí mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí àwọn ọmọ kíláàsì mi má baà rí wa pọ̀, èmi náà ni mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní Kánádà, tí mo ń wo fídíò bí wọ́n ṣe ń bu omi sílẹ̀. Mo tilẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Mi ò ní purọ́, ó ràn mí lọ́wọ́. Hẹ́stíà, òrìṣà ààrò ilé, ló ń gba òkèlè àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn. Sítóòfù oníná mànàmáná ni ààrò tiwa, mo wá ń tan àbẹ́là kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi ń wa tírélà, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin lójú ọ̀nà. Ó dùn mọ́ mi pé ẹnìkan wà tí mo máa bu oúnjẹ fún kí n tó jẹun.

Nígbà tí mo bímọ, màmá mi wọ bàálù wá bá mi wẹ ọmọ. Kíá ni mo kó àwọn nǹkan òrìṣà mi sínú páálí bàtà, nítorí aṣáájú ẹgbẹ́ aládùúrà ni màmá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ṣùgbọ́n òṣùpá wọ̀ọ̀kùn, ó sì di dandan nínú ẹ̀sìn náà kí n gbé oúnjẹ fún Hẹ́kátè, ẹni tó ń ṣọ́ oríta. Mo kó ẹyin, aáyù àti búrẹ́dì sínú àwo, mo gbé e sí oríta ẹ̀gbẹ́ ilé wa nírọ̀lẹ́, mo sì yí padà láìbojú wẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ọmọ Yorùbá pátápátá gbé ẹyin sí oríta nígbà tí ìyá rẹ̀ wà nílé, ó sì rò pé ti Gíríìkì á yàtọ̀ lójú ẹni tó bá rí i! Mo gbọ́kàn lé àwọn raccoon pé wọ́n á ti jẹ ẹ́ tán kílẹ̀ tó mọ́. Ẹranko tó ń jẹ Pampers ọmọ nínú garbage wa ni o. Wọn ò fọwọ́ kàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá mi ti ọmọ jáde nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Eré ni wọ́n sá wọlé.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Wọ́n ti gbé ẹbọ sí oríta wa! Àwọn ayé ti wọ bàálù tẹ̀ lé wa!"

Mo ní, "Màmá, bóyá ẹnìkan ló gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀."

"Ta ló ń gbàgbé ẹyin sí oríta? Ṣé Kánádà ni mo bí ẹ sí ni?"

Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi ní àwọn ti mọ ẹni tó ṣe é. Ìyá arúgbó ará Pọtogí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kángun sí tiwa ni, nítorí ó so aáyù kọ́ sí kíṣìnì rẹ̀. Ìyá yìí ló máa ń gbé ọmọ dání kí n lè rí ààyè wẹ̀ kí màmá mi tó dé. Òun ló sì ti ṣèlérí pé òun á máa bá mi wò ó tí mo bá padà síṣẹ́. Kò sí ẹlòmíràn. Mo mọ èyí, mo sì dákẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ṣe àmín sí àdúrà tí màmá mi ń gbà lórí ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá náà gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá fún wa. Màmá mi dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà. "No, thank you, ma. Back to sender." Wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé. Mo yọjú láti ihò ilẹ̀kùn. Ìyá arúgbó náà ṣì dúró, ó ń wo ọbẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ máa bá a. Tèmi ò kọjá ihò ilẹ̀kùn yẹn. "Màmá, èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

Màmá mi kọ́kọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi ná. "O gbé e fún ta?"

"Hẹ́kátè."

"Ọmọ ibo nìyẹn?"

"Ará Gíríìkì ni."

"Àwọn ará Kọ́ríńtì? Àwọn tí Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà sí? Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ ọ́! Wọ́n gbọ́, wọ́n jáwọ́, ìwọ ọmọ Ìbàdàn lo wá lọ bá wọn gbé e padà!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, àṣìṣe ńlá gbáà. Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Ohùn wọn wálẹ̀. "Ìyá mi bu omi lásán sílẹ̀, o ní ojú ń tì ẹ́."

Wọ́n ní, "Dìde. Ká lọ gba ọbẹ̀ yẹn."

Ní kọ́rídọ̀, lẹ́nu ọ̀nà ìyá náà, màmá mi kúnlẹ̀ gbì. "Mama, sorry. It is my daughter." Ìyá arúgbó náà rò pé wọ́n ṣubú ni, ó ń gbìyànjú láti gbé wọn dìde. A jẹ ọbẹ̀ náà. Aáyù inú rẹ̀ lè lé ogun lọ.

Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, ọ̀dọ̀ ìyá náà ló sì ń wà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò tíì fi Hẹ́stíà sílẹ̀, òkèlè tirẹ̀ ò yẹ̀. Orin tí àwọn ará ìgbàanì fi ń kí i wà lórí fóònù mi, láìku ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo bu omi sílẹ̀ bíi ti màmá àgbà, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo pe màmá mi lórí fóònù, mo ní kí ni ìyá wọn máa ń wí.

Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀. Etí mi ni mo máa ń dí." Wọ́n wá fi kún un pé, "Àmọ́ mo mọ̀ pé wọ́n máa ń dárúkọ wa. Tìẹ ni wọ́n fi ń parí."

Ọmọ mi wá dúró tì mí. "Mommy, you spilled it."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ, láti orí màmá àgbà, mo sì fi ti ọmọ mi parí.