Àmì Pupa Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ Ọkọ Ẹ̀gbọ́n

Ọdún tí mo jáde ní yunifásítì ni mo gba iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní Port Harcourt. Yàrá kan ni mo háyà ní àdúgbò Díóbù. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́fà tí n kò ní gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni, àfi lẹ́nu ara mi nígbà tí mo bá ń gbàdúrà. Mo sọ èyí kí ó má baà dà bí ẹni pé oúnjẹ nìkan ló ń gbé mi lọ sílé Ẹ̀gbọ́n.

Ìjẹ̀bú bíi tèmi ni Ẹ̀gbọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé. Ọmọ Port Harcourt ni ọkọ rẹ̀, ó sì jẹ́ aṣòfin ní Enugu. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Ẹ̀gbọ́n á ti inú ilé pariwo pé, "Àbúrò mi, o tún ti rù sí i! Ṣé ìwé lò ń jẹ ni?" Inú mi á dùn débi pé ojú á máa tì mí.

Iṣẹ́ mi nìyí: bí ìwé ìjókòó ilé aṣòfin bá bá ọkọ̀ ojú irin dé, màá wá ibi tí wọ́n ti dìbò lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, màá sì fi àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ aṣòfin kọ̀ọ̀kan lórí páálí ńlá kan. Àwọ̀ ewé ni ti ẹni tó tì wá lẹ́yìn, pupa ni ti ẹni tó ta kò wá. Ẹni tí kò wá sí ìjókòó, pupa náà ni. Alága wa, tí ẹrù ti tẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, máa ń sọ pé ẹni tó sá nídìí ẹrù ló jẹ́ kó wó lu ẹni tó dúró. Àìsàn nìkan ni àwáwí tí a máa ń gbà; ti aláìsàn, a ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Ní Sátidé, a ó gbé páálí náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà èbúté, a ó sì kà á sókè.

Lọ́dún kejì, àbá kan dé iwájú ilé aṣòfin: kí wọ́n má ṣe lé òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Àbá náà ṣubú. Orúkọ ọkọ Ẹ̀gbọ́n kò sí nínú àwọn tó dìbò. Ó ti kọ lẹ́tà sí wa pé ibà dá òun dùbúlẹ̀ ní Ọjọ́rú tí wọ́n dìbò náà.

Ọjọ́rú yẹn gan-an ni Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè mí pé ewùrà ti dé láti ilé, òun sì ti fi se ìkọ́kọrẹ́. Ọkọ rẹ̀ jókòó kọjú sí mi. Ó jẹ, ó tún bù sí i, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kò lè jẹun bí ọkùnrin.

Lọ́jọ́ tí ìwé ìjókòó náà dé, mo jókòó ti páálí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹ̀rù ń bà mí, inú sì ń bí mi pé ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá fi í sílẹ̀ lófìfo, ta ni yóò mọ̀? Alága wọlé, ó tẹjú mọ́ ibi tó ṣófo.

"Graduate, this one nko?"

"Him say na fever, sir."

"You see the fever?"

N kò lè purọ́ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn. "I see am for house that day. He chop two plate."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ìgò íǹkì pupa sún mọ́ mi, ó sì jáde kí n lè dá a ṣe. Mo rò pé àánú ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé, èmi náà ni mo kà á sókè.

Ní Sọ́ńdè, mo kan ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Ẹ̀gbọ́n ṣí i díẹ̀.

"Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n."

"Good afternoon," ló wí. "My husband is not at home."

Mo tún kí i ní Yorùbá. Ó tún dá mi lóhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni ń bá àlejò ọ́fíìsì sọ̀rọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo fẹsẹ̀ rìn padà sí Díóbù. Lójú ọ̀nà, mo ṣàdédé gbọ́ tí ẹnu mi ń wí pé, "Àbúrò mi, o tún ti rù sí i!" Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá dúró.

"Na me you dey talk to?"

Mo ní rárá.